Blackjack: eré tí tábìlì kì í kọ́ni

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, àmọ́ nínú ilé tẹ́tẹ́ yìí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣì mọ́ tàbí ó ti ṣú. Kò sí fèrèsé, kò sí aago lára ògiri. Lake Charles la wà, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà Texas ló wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé síta, nítorí òfin Texas kò fàyè gba irú ilé bẹ́ẹ̀. Ará Houston tó bá fẹ́ ta káàdì ní láti wakọ̀ ju wákàtí méjì lọ lójú ọ̀nà I-10 kó tó kọjá ààlà. Ọmọ Yorùbá sì pọ̀ ní Houston.

Nídìí tábìlì kan tí etí rẹ̀ kan gún, tí èkejì ṣe róbótó, ènìyàn márùn-ún jókòó. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Owó ike tó jẹ́ dọ́là 25 ló gbé kalẹ̀. Káàdì méjì tí wọ́n ṣí síwájú rẹ̀ jẹ́ 10 àti 6. Apínkáàdì, òṣìṣẹ́ ilé tó dúró lódìkejì tábìlì, ti ṣí ẹyọ kan nínú tirẹ̀ sílẹ̀. 7 ni. Ó da ìkejì dé.

Ọkùnrin náà wo 16 tó wà níwájú rẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó fì í lọ fì í bọ̀ lókè aṣọ tábìlì, èyí tó túmọ̀ sí pé òun ò gba káàdì mọ́. Apínkáàdì ṣí èyí tó dà dé: 5. Tirẹ̀ di 12. Ó fa òmíràn yọ nínú àpótí, ayaba ni. 22 nìyẹn, ó ti bẹ́. Dọ́là 25 bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin wa. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan tó jókòó tì í, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà, ó ní ohun tí ìrírí ọdún mẹ́wàá ń ṣe fúnni nìyẹn.

Ohun tó ṣe yẹn kò tọ̀nà. Ó jẹ, àmọ́ kò tọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí blackjack fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, inú ìpín kan ṣoṣo yẹn ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ta?

Ní Macau, baccarat ló gbòde. Ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo eré tí wọ́n ń ta lórí tábìlì nílé tẹ́tẹ́, ti blackjack ló wọ́pọ̀ jù. Òfin rẹ̀ kò le. Káàdì 2 títí dé 10 ń jẹ́ iye tó wà lára wọn. Jack, ayaba àti ọba, 10 ni gbogbo wọn. Éèsì lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 11, èyí tó bá ṣe olówó rẹ̀ láǹfààní. Ẹ fẹ́ kí àròpọ̀ tiyín ju ti apínkáàdì lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 21. Bó bá kọjá, ó bẹ́ nìyẹn, owó ti lọ.

Àwọn tó jókòó yí tábìlì ká kì í bá ara wọn du nǹkan kan. Ilé ni olúkúlùkù ń bá ta.

Ẹni tó bá gba éèsì àti 10 lẹ́ẹ̀kan náà ti gba blackjack gan-an. Ó ń wáyé bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 21, wọ́n sì máa ń san owó rẹ̀ ju ti ìpín yòókù lọ. A máa padà sórí ìsanwó yìí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ lóde òní.

Àwọn ẹni tuntun máa ń rò pé ọgbọ́n ló kún agbárí apínkáàdì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ti dè é: bí tirẹ̀ kò bá tíì tó 17, dandan ni kó gba káàdì sí i, bó bá ti tó 17, kó dúró. Ì báà rí i pé 18 ló wà níwájú yín, tí òun ní 17, kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Nígbà náà, níbo ni ilé ti ń rí èrè? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń ta. Bí tiyín bá bẹ́, apínkáàdì á kó owó yín lójú ẹsẹ̀, kó tó fọwọ́ kan káàdì tirẹ̀. Bí òun náà bá bẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn yín mọ́. Gbogbo àṣírí ilé náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìpín 100, apínkáàdì fúnra rẹ̀ máa ń bẹ́ níbi bíi 28, àmọ́ ó ti kó owó àwọn tó ṣáájú rẹ̀ bẹ́ sápò.

Ẹni tó bá ní kóun máa ṣe bíi apínkáàdì, kó máa gba káàdì títí dé 17, yóò máa pàdánù bíi dọ́là 5 àti ààbọ̀ nínú gbogbo dọ́là 100 tó bá gbé kalẹ̀. Ojo tí kì í gba káàdì tó lè bẹ́ yóò pàdánù bíi dọ́là 4. Ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa, tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ dọ́là péré ni tirẹ̀, bí òfin tábìlì náà bá dára.

Mi ò mọ eré mìíràn nílé tẹ́tẹ́ tí ẹ̀kọ́ ti ń mú ìyàtọ̀ tó báyìí wá lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ilé ta. Ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé, ọ̀kan náà ni wọ́n nídìí kàlòkàlò.

Ọmọ ogun mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìṣirò

Eré náà ti pẹ́. Miguel de Cervantes, òǹkọ̀wé ọmọ Spain, mẹ́nu bà á nínú ìtàn kan tó jáde ní 1613, níbi tí ọmọkùnrin jàǹdùkú kan ti ń fi í rẹ́ni jẹ. Àwọn Faransé gbé e lárugẹ, ó sì ti ọwọ́ wọn dé Amẹ́ríkà. Láti ìgbà yẹn wá, orí àti ọkàn ni wọ́n fi ń ta á. Olúkúlùkù ní òfin tirẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gidi wádìí ọ̀rọ̀ náà parí: Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott. Aberdeen Proving Ground, bárékè kan ní Maryland, ni wọ́n wà. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ni wọ́n fi ń ṣírò ìpín kọ̀ọ̀kan ní alaalẹ́ títí tí wọ́n fi rí ojútùú. Ní 1956, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò-iye ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ wọn jáde.

Ohun tí wọ́n rí ni pé káàdì ọwọ́ ẹni nìkan kọ́ lèèyàn ń wò. Èyí tí apínkáàdì ṣí sílẹ̀ ló ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bó bá ṣí 6, ìpín bíi 42 nínú 100 ló máa ti bẹ́. Bó bá ṣí 7, iye yẹn já wálẹ̀ sí bíi 26.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí yẹ ọ̀rọ̀ awakọ̀ akẹ́rù wa wò. 16 kò lè jẹ àyàfi bí apínkáàdì bá bẹ́, torí pé iye tó kéré jù tí òun lè dúró lé ni 17. Bí ọkùnrin náà bá dúró lórí 16 níwájú 7, yóò jẹ nínú ìpín 26, yóò sì pàdánù nínú 74. Lójú owó, ó ń fi bíi dọ́là 48 sílẹ̀ nínú gbogbo 100 tó bá gbé kalẹ̀ nírú ipò yẹn. Bó bá gba káàdì, lóòótọ́ ló ṣeé ṣe kó bẹ́, káàdì 8 nínú oríṣi 13 ló lè bẹ́ ẹ. Síbẹ̀, dọ́là 41 ni àdánù rẹ̀ nínú 100. Ipò burúkú ni méjèèjì. Ohun tí ẹ̀kọ́ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń gba dọ́là 7 padà nínú ẹrẹ̀.

Lórí báyìí ni gbogbo eré náà dá lé, ohun tó sì ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe máa jẹ. Bí èèyàn ṣe máa pàdánù díẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí 16 bá wà lọ́wọ́ yín, tí apínkáàdì ṣí 10, tí ilé náà sì fàyè gbà á kí ènìyàn fi ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀ kó sì kúrò nínú ìpín náà, ẹ fi í sílẹ̀. Dídúró àti gbígba káàdì, bíi dọ́là 54 nínú 100 ni méjèèjì máa gbà lọ́wọ́ yín; fífi sílẹ̀, 50 ni. Ìwọ̀nba èèyàn ló lè fi ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀ láìjà. Ìtìjú ni lójú wọn.

Thorp

Ní àkókò Kérésìmesì 1958, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò kan, Edward Thorp, lọ sí Las Vegas fún ìsinmi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ti ka iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun mẹ́rin yẹn, ó kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan, ó mú un dání lọ sídìí tábìlì. Dọ́là 10 ló yà sọ́tọ̀ láti fi ta. Nígbà tó dìde, ẹyọ dọ́là kan àti ààbọ̀ ló kù. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni ọ̀nà tí ìṣirò náà ṣì lè gbà lọ síwájú.

Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ MIT, ó kọ́ èdè kọ̀ǹpútà FORTRAN fúnra rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà IBM 704. Kí ló ń wá? Nínú eré bíi dáìsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò kan èyí tó ń bọ̀. Ti káàdì yàtọ̀: èyí tó ti jáde kò sí nínú páàkì mọ́. Thorp ní kí kọ̀ǹpútà yọ àwọn 5 kúrò nínú páàkì, kó wá tún eré náà ṣírò. Èrè kúrò lọ́wọ́ ilé, ó bọ́ sọ́wọ́ ataré, ìyẹn ẹni tó ń bá ilé ta. Káàdì kéékèèké ló ń gba apínkáàdì là nígbà tó bá ní 12 sí 16 tí òfin sì fi dandan lé e pé kó gbà sí i. Éèsì àti 10 ló ń ṣe ataré láǹfààní. Ẹni tó bá mọ èyí tó kù nínú páàkì mọ ìgbà tó yẹ kóun gbé owó ńlá kalẹ̀.

Claude Shannon, àgbà onímọ̀ tó wà ní MIT nígbà náà, ló ràn án lọ́wọ́ tí iṣẹ́ náà fi jáde ní 1961 nínú ìwé ìròyìn National Academy of Sciences. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olówó méjì kó dọ́là 10,000 sílẹ̀, wọ́n bá Thorp lọ sí Nevada láti dán ìṣirò náà wò. Wọ́n kó èrè dọ́là 11,000 bọ̀. Ìwé rẹ̀, Beat the Dealer, jáde ní 1962, ó sì tà wìtìwìtì.

Jìnnìjìnnì bo àwọn onílé tẹ́tẹ́. Ní 1964, àwọn ti Las Vegas yí òfin eré náà padà kó lè nira fún ataré. Àwọn oníbàárà bá kọ̀yìn sí tábìlì. Kò pẹ́ tí ilé fi dá òfin àtijọ́ padà, nítorí wọ́n rí i pé ìwé yẹn kò pa wọ́n lára. Ńṣe ló sọ wọ́n dolówó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò ta blackjack rí ra ìwé náà, wọ́n ka ojú ewé mélòó kan, wọ́n gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n bá wọkọ̀ lọ sí Nevada. Àkàìparí ló gba owó wọn. Lójú tèmi, kò sí ìpolówó tí ilé tẹ́tẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tó ìwé tí wọ́n kọ láti fi borí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ka káàdì

Olùkọ́ ìṣirò kan tó ń gbé Houston gbà kí n jókòó ti òun nígbà tó ń ṣe ìdánrawò nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Kì í pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tilẹ̀ fẹ́ káwọn ọmọ máa pariwo, nítorí ó ní ilé tẹ́tẹ́ kò ní dákẹ́ torí òun.

Ọ̀nà tó ń lò ni èyí tí Harvey Dubner gbé jáde ní 1963, òun ló sì wọ́pọ̀ jù títí dòní. Bí 2 sí 6 bá jáde, ó fi ẹyọ kan kún iye tó wà lórí rẹ̀. Bí 7, 8 tàbí 9 bá jáde, kò ṣe nǹkan kan. Bí 10, Jack, ayaba, ọba tàbí éèsì bá jáde, ó yọ ẹyọ kan. Ó ṣí 5, ó di 1. Ó ṣí ọba, ó padà di òdo. 9, òdo náà ni. 3, ó di 1. 2, ó di 2. Jack, ó padà sí 1. Bí páàkì bá parí, òdo ló gbọ́dọ̀ kù; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti ṣìṣe níbì kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń ka káàdì 52 tán láàárín ìdajì ìṣẹ́jú.

Ìyẹn rọrùn. Àmọ́ páàkì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ń kó sínú àpótí báyìí, nítorí náà ó ní láti fi iye páàkì tó kù pín iye tó wà lórí rẹ̀. 6 nígbà tí páàkì mẹ́ta kù kò ju 2 lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá sì wà lẹ́yìn pípín yẹn ń fi bíi ààbọ̀ dọ́là nínú 100 kún ti ataré. Ó túmọ̀ sí pé ní 1, òun àti ilé ń dọ́gba. Ní 2, òun ló ń jẹ, pẹ̀lú ààbọ̀ dọ́là nínú 100. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣe èyí lórí láìgbé ẹnu, láìwo káàdì ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì máa bá apínkáàdì tàkúrọ̀sọ.

Òfin kò ka fífi orí ẹni ka káàdì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rọ ni Nevada fi òfin dè ní 1985, lẹ́yìn tí àwọn kan ti ń kó kọ̀ǹpútà pamọ́ sára wọlé. Síbẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ ní Nevada lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ẹni tó ń kà pé kó máa lọ. Ní New Jersey, ó yàtọ̀: Ken Uston pe ilé kan lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì dájọ́ ní 1982 pé ilé kò lè tìtorí ìmọ̀ lé ènìyàn jáde. Àwọn ilé náà kò bá ilé ẹjọ́ jà. Wọ́n kàn fi páàkì kún inú àpótí, wọ́n sì ń tún káàdì pò lemọ́lemọ́.

Olùkọ́ yìí kò tíì fiṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi kíkà jẹun gbọ́dọ̀ ní owó tó lè fara da oṣù mélòó kan tí àdánù ń tẹ̀ lé àdánù, láìṣe àṣìṣe kankan. Ọmọ mẹ́ta ló ní.

Olùkọ́ tó ń purọ́

Padà sí Lake Charles. Nọ́ọ̀sì náà jókòó sí àga tó gbẹ̀yìn, ìyẹn àga ẹni tó ń ta kẹ́yìn kó tó kan apínkáàdì. 13 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, apínkáàdì ṣí 8. Ó fi ìka kan tábìlì, ó gba káàdì, 6 ni, ó di 19. Apínkáàdì ṣí èyí tó dà dé, 4. Ó fa káàdì yọ, 9. 21 nìyẹn. Gbogbo tábìlì pàdánù.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ká ní obìnrin náà kò fọwọ́ kan 6 yẹn ni, apínkáàdì ì bá ní 18, òun tó ní 20 ì bá sì ti jẹ. Awakọ̀ akẹ́rù wa náà fi Yorùbá sọ ọ́ sí i létí, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáa. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe gan-an ló tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ káàdì tó ń bọ̀. Káàdì tó gbà lè ba tábìlì jẹ́ lónìí, ó sì lè gbà á là lọ́la, ó sì ń dọ́gba níkẹyìn. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé àwọn obìnrin kúrò nídìí tábìlì, mi ò sì rántí ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ní ọwọ́ ńlá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé tábìlì ń yìn yín nígbà tẹ́ ẹ ṣi í ṣe, ó sì ń nà yín nígbà tẹ́ ẹ ṣe é dáadáa. Olùkọ́ni kan ní yunifásítì, tó ń kọ́ni nípa ìṣirò-iye, bá mi ṣe é lórí bébà. Ẹni tó ta ìpín 100 ní dọ́là 25 láìṣi ọ̀kan ṣe, lórí tábìlì tó dára, àdánù tí ìṣirò ń retí kò ju dọ́là 12 àti ààbọ̀ lọ. Àmọ́ orí ìpín 100 yẹn kan náà, kí ó jẹ dọ́là 280 tàbí kó pàdánù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyanu. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan náà lè kó 300 relé lálẹ́ kan. Ó ní àìmọye alẹ́ lèèyàn máa lò nídìí tábìlì kó tó lè fi ohun tó jẹ tàbí tó pàdánù mọ̀ bóyá òun mọ̀ ọ́n ta.

Ọdún mẹ́wàá awakọ̀ akẹ́rù wa nìyẹn. Ìrírí rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ó kàn jẹ́ pé àwọn alẹ́ tó jẹ ló rántí, tó sì ti sọ ohun tó ṣe lálẹ́ wọ̀nyẹn di òfin.

Obìnrin kan tó fọdún púpọ̀ pín káàdì ní Las Vegas kó tó kó lọ sí Texas sọ pé ẹ̀rù owó ẹni tuntun kì í ba òun. Ẹni tuntun máa ń bèèrè, apínkáàdì á sì sọ ohun tí àtẹ, ìyẹn páálí tó ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, wí fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn ún ni àgbà ataré tó ti mọ̀ ọ́n tán, tí kò ní gba ìmọ̀ràn lẹ́nu obìnrin. Ó ní ẹ̀rín ni wọ́n fi ń kó owó irú wọn.

Adójútòfò tí kò dójú ti òfò

Nígbà tí apínkáàdì bá ṣí éèsì, yóò bèèrè bóyá ẹ fẹ́ ra adójútòfò. Ẹ máa fi ìdajì owó yín kún un; bí káàdì tó dà dé bá jẹ́ 10, wọ́n á san ìlọ́po méjì rẹ̀ fún yín. Orúkọ yẹn dùn létí. Òṣìṣẹ́ báńkì, oníṣòwò, ẹni tó ti sanwó adójútòfò ọkọ̀ àti ilé, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ìwà ọlọ́gbọ́n ni.

Tẹ́tẹ́ mìíràn ni, kò sí ohun tó ń dáàbò bò. Nínú oríṣi káàdì 13, mẹ́rin péré ló jẹ́ 10. Ẹ máa pàdánù níbi mẹ́sàn-án. Àdánù rẹ̀ lé ní dọ́là 7 nínú 100. Àfi ẹni tó ń ka káàdì, tó sì mọ̀ pé 10 pọ̀ nínú àpótí, ni kó rà á.

Èyí tó burú jù wà lára aṣọ tábìlì fúnra rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà. Látijọ́, bí ẹ bá gba blackjack, 3 ni wọ́n ń san fún 2: dọ́là 10 á mú 15 wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni tábìlì tó ń san 6 fún 5 ti ń pọ̀ sí i ní Las Vegas àti láwọn ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí 6, wọ́n rí 5, wọ́n ní ó ti dára ju 3 àti 2 lọ. Dọ́là 10 kan náà ń mú 12 wá báyìí. Dọ́là 3 ti lọ lórí ìpín tó dùn jù nínú eré náà.

Ó fi bíi dọ́là 1.40 kún èrè ilé nínú gbogbo 100. Ẹni tó kọ́ àtẹ náà sórí, tó ń ta ìpín 70 ní wákàtí kan ní dọ́là 25, ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì 3 fún 2 jẹ́ àdánù bíi dọ́là 9 ní wákàtí. Lórí 6 fún 5, ó di bíi 33. Gbogbo òru tó fi kọ́ àtẹ, ilé ti fi nọ́ńbà méjì lára aṣọ gbà á padà. Ìdí rèé tí ṣọ́ọ̀bù inú ilé tẹ́tẹ́ fi lè ta páálí àtẹ yẹn fún yín láìbẹ̀rù, tí wọ́n sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì máa wò ó.

Lórí fóònù

Nílé, ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹni tó ń kọ́ blackjack báyìí kò nílò ìrìnàjò kankan. Inú fóònù ló wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi wọ́ọ̀tì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ káàdì tó ti lọ máa ń rò pé àwọn lè ka èyí náà. Nínú èyí tí kọ̀ǹpútà ń pín, ńṣe ló ń po gbogbo káàdì látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ohun tí kíkà lè rí níbẹ̀. Ó tún yára. Ìpín tó ń gba ìṣẹ́jú kan nídìí tábìlì kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ lójú fóònù, àdánù wákàtí kan á sì di ìlọ́po.

Pásítọ̀ kan ní Houston sọ fún mi pé àwọn tó ń wá bá òun kì í sọ pé àwọn ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n á ní àwọn ń kọ́ ọ. Ìyàwó wọn á ti rí ìwé, á ti rí àtẹ, á ti rò pé ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́, títí owó ilé fi máa wọ́n. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá ń ná ni lówó ilé lóṣooṣù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀kọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ eré yìí nítorí pé ìṣirò rẹ̀ dùn, ó sì dùn lóòótọ́, kó ra páàkì káàdì, kó tẹ àtẹ náà sórí bébà, kó jókòó sílé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan tó máa jẹ́ apínkáàdì. Kó fi ẹ̀wà dípò owó. Kó máa ta títí tí kò fi ní wo àtẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ dé ilé tẹ́tẹ́, iye tó lè ṣòfò bíi owó sinimá ni kó mú dání, kó fi káàdì báńkì sílé.

Kẹ́ ẹ tó fa àga jókòó, ẹ ka ohun tó wà lára aṣọ tábìlì. Bó bá jẹ́ 6 fún 5, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí 3 fún 2 wà. Bí kò bá sí, ẹ kó owó yín dání kẹ́ ẹ lọ wá oúnjẹ jẹ.